Èémí fún Ìdajì Kejì

Ohùn bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ pákó yàtọ̀ sí ohùn rẹ̀ lórí iyanrìn. Iyanrìn máa ń gbé ohùn náà mì. Lórí pákó, á dún gbà, gbà, gbà, ògiri á sì máa dá a lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ayigya, ní ìlú Kumasi, mo lè di ojú mi kí n sì fi ohùn yẹn nìkan mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹgbẹ́ wa. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ohùn náà á yá, á sì ṣe déédéé, nítorí pé à ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wa. Bí ìdajì kejì bá dé àárín, á dínkù, á wá ku ẹyọ kan ṣoṣo tó le bí ìgbà tí èèyàn ju òkúta lu ilẹ̀kùn: ẹnìkan nínú wa ti gbá bọ́ọ̀lù dànù kí ó lè rí àyè mí.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ orin wọn lédè Twi: "Wɔabrɛ, wɔabrɛ." Ó ti rẹ̀ wọ́n, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọn kì í pariwo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ọ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ sùn, ìyẹn ló sì máa ń dùn wá jù.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi ni gbogbo wa. Àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wá. Àwọn kan nínú wa ń tajà ní ọjà Kejetia, àwọn kan ń ṣe káfíńtà ní Anloga Junction. Bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn là ń gbá, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún: kípà kan, ẹni mẹ́rin níwájú rẹ̀. Kápútìn wa ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Káfíńtà ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún díẹ̀, ó dàgbà ju gbogbo wa lọ, Bọ̀ọ̀dá la sì ń pè é. Òun ló fi igi ódùmù, ìyẹn ìrókò, kan òpó gólì méjèèjì tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ lọ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òpó kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣì dúró ṣinṣin.

Àgbàlagbà ará Asante kan ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun náà ló ṣe òfin tí gbogbo wa ń tẹ̀lé. Ẹgbẹ́ méjì ló ń fẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé: àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí sáà ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, a ó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá borí ló ni Sátidé títí di ìparí sáà tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ wa ni Sátidé ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan dé, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n sì ń sáré lórí pápá ní àràárọ̀. A bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń borí nígbà ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì pàdánù.

Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Bí Sátidé bá bọ́ lọ́wọ́ wa," ó wí, "ẹgbẹ́ yìí ti tú nìyẹn. Ọjọ́ tó kù, ìdí iṣẹ́ ni gbogbo wa wà. Sọ́ńdè sì nìyí, ìjọ ló ń lo gbọ̀ngàn."

Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré nìkan ló ń rò. Ibẹ̀ nìkan ni àwa ọmọ Yorùbá tí a fọ́n ká gbogbo ìlú ti ń rí ara wa lọ́sẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ló kó wa jọ, ó sì ń rí i bí yóò ṣe tú lójú ara rẹ̀.

Èmi kì í gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Aago ni mò ń tà ní Kejetia, mo sì ń tún un ṣe. Ẹni tó bá ń so aago mọ́ ọwọ́ oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́, ìka rẹ̀ á máa bá ibi tí iṣan ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ pàdé, á sì mọ̀ ọ́n láìwò. Mo máa ń ka iṣan oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù kọjá ní àárín ọjà kò bá ti ọkùnrin tó jókòó sínú ọkọ̀ trotro wá dọ́gba rí. Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn: mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ẹsẹ̀ wa kò ní àléébù, ọgbọ́n wa kò ní àléébù, èémí ni kò tó, àti pé ohun tí aago lè kà ni èémí. Ó ní kí n máa kà á nígbà náà.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe: mo ní kí a máa sáré lójú títì. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, gbogbo wa á pé jọ sí ojú ilé wa, a ó gba àdúgbò náà kọjá, a ó sáré dé Anloga Junction, a ó sì padà. Eré gígùn, láìdúró. Mo dúró sí ojú ilé wa pẹ̀lú aago eléré kan tí èèyàn lè tẹ̀ kí ó dúró, mo ń wo ẹni tó ń kọ́kọ́ dé.

Ní ojoojúmọ́ ni Bọ̀ọ̀dá ń gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó ń gbẹ̀yìn díẹ̀. Àwọn yòókù á ti dé, wọ́n á ti fọ ojú, wọ́n á ti máa mu kókò, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, kí a tó rí i ní igun òpópónà.

Kípà wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló máa ń kí i káàbọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ dúró ra búrẹ́dì ni, àbí ẹ gba Accra yípo?"

"Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí," Bọ̀ọ̀dá á dáhùn. "Ìwọ, ọjọ́ tí àwọn àgbà bá rántí ẹ, èpè ni wọ́n máa fi rántí ẹ."

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Aago àsùbáà ni àwọn àgbà ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa á na ọwọ́ sókè, wọ́n á sọ pé ẹ káàárọ̀ o, eré wọn kò sì ní dúró. Bọ̀ọ̀dá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rí àgbà kan, á dúró, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á dáhùn bí ilé ṣe rí, bí ọmọ ṣe rí, bí iṣẹ́ ṣe rí. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan, òmíràn á tún yọ. Èyí tó wá pẹ́ jù ni àlùfáà àgbà kan, ará Ìlọrin, tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ẹni tó bá kí i, àdúrà ni yóò fi dá a lóhùn, kò sì sí ọmọ gidi tó lè pa àtẹ́lẹwọ́ dé kí àdúrà tó parí.

Mo bínú sí i nínú ara mi. Mo rò pé ó ń ba ìlànà mi jẹ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kó gbogbo wọn lọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n dúró, mo di ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka iṣan wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú kan, mo sì tún un kà. Àwọn tó ń kọ́kọ́ dé lójú títì, iṣan wọn kò tíì rọ̀. Ti Bọ̀ọ̀dá ti ń sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé aago ló ń ṣìnà, mo bá mú òmíràn láti inú àpò mi. Bákan náà ni. Ọkùnrin tó dàgbà jù, tó ń gbẹ̀yìn jù, òun ni èémí rẹ̀ ń tètè padà jù.

Ní ọjọ́ kejì mo fi àwọn yòókù sílẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ń ṣe. Ó kí bàbá kan, ó dìde, ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ti jìnnà, ó bá ta eré bí ẹni tí ajá ń lé kí ó lè bá wọn. Kí ó tó bá wọn, bàbá mìíràn ti yọ. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó tún ta. Nígbà tó dúró lọ́dọ̀ àlùfáà tó sì la àtẹ́lẹwọ́, mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tẹ aago mi. Ó dé márùndínláàádọ́ta nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò tíì rí irú rẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ lójú títì rí.

Àlùfáà la ojú, ó rí mi bí mo ṣe di ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mú.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan o, Bàbá," mo wí. "Mò ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ni."

Bí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn, èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláìsàn. Ó fa àdúrà náà gùn, ó kan ìyá Bọ̀ọ̀dá, ó kan àwọn ọmọ rẹ̀, ó kan ọwọ́ tó fi ń di ayùn mú. Bọ̀ọ̀dá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ṣe àmín, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú tó sọ pé òun yóò bá mi yanjú rẹ̀ tó bá yá. Èmi ń ka iṣan. Nígbà tí àlùfáà fi máa fi ọwọ́ pa ojú, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti kọjá, iṣan Bọ̀ọ̀dá ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ta eré mìíràn bíi ti àkọ́kọ́. Ó sì ta á.

Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò rántí láti tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn kì í ṣe ìrìn àjò. Èèyàn á ta, á dúró, á yí, á tún ta. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn. Ìkíni ló ti ń kọ́ Bọ̀ọ̀dá ní ohun tí a nílò.

Ṣùgbọ́n n kò lè to àwọn àgbà sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Mo sọ èyí fún Bọ̀ọ̀dá ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Anloga. Ó ń fi ọ̀bẹ gé ìdí ẹsẹ̀ àga kan.

"Àbúrò," ó wí, "eré tó ń ta tó ń dúró, tó ń yí padà, tó tún ń ta. Ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù náà lò ń sọ yìí?"

Ó na ọ̀bẹ sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Àyè kan wà níbẹ̀ láàárín àwọn pákó tí wọ́n tò jọ kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ wọ́n. Pákó ga tó àyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ lára ayùn sì bo ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbé àpótí ìjókòó sí òpin méjèèjì bíi gólì, a fi ẹni mẹ́ta ko ẹni mẹ́ta, kò sí kípà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Mo gbádùn rẹ̀ ju iṣẹ́ aago lọ. Àyè yẹn kì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá gbé igi dé láti inú igbó, pákó á pọ̀, àyè á fún. Bí àwọn oníbàárà bá kó pákó lọ, á fẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé bí ó bá fún jù, wọ́n á máa du bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa kọ lu ara wọn, ṣùgbọ́n iṣan wọn kì í yára tó bí mo ṣe fẹ́. Bí ó bá fẹ̀, kò sí ibi ìsádi, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sáré. Láti ìgbà náà, mo máa ń bẹ Bọ̀ọ̀dá pé kí ó ti àwọn pákó sẹ́yìn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú ẹni méjì sí ẹni méjì. Ó le jù, ẹsẹ̀ wọn kú kí èémí tó ṣiṣẹ́. Mo gbìyànjú márùn-ún sí márùn-ún. Àwọn ọ̀lẹ rí ibi sá pamọ́ sí. Mẹ́ta sí mẹ́ta ló bá wa mu jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá a, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn jẹ́jẹ́ láti sinmi, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, ọ̀dọ̀ àlùfáà ni mo ti rí i, àwọn ọmọ sì ń pè é ní àdúrà. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n tán, wọ́n á máa bẹ̀ mí: "Kóòṣì, àkókò àdúrà ti tó o."

Àwọn nǹkan kéékèèké ló wá kù. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ abẹ́ pákó, gbogbo ènìyàn á dúró máa wò, èémí á padà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá ń fi bọ́ọ̀lù méjì mìíràn sí ẹsẹ̀ mi, kí ọ̀kan tó jáde, òmíràn ti wọlé. Mo ṣe òfin pé gólì kò ní kà bí gbogbo ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì kọjá ìlà àárín. Kípà wa, tí mo fi sí iwájú bíi ti àwọn yòókù, ló kọ́kọ́ gbá gólì tí n kò kà nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ń nu ojú. Ó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Twi, ó bú u ní Hausa, ó sì fi Yorùbá parí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó dúró lẹ́yìn mọ́. Mo tún rí i pé bí mo bá dákẹ́, iṣan wọn á lọ sílẹ̀; bí mo bá ń pariwo sí wọn, á gòkè. Ohùn mi sọnù fún nǹkan bí oṣù kan. Ní Kejetia, ọwọ́ ni mo fi ń ná aago.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbọ̀ngàn kún. Bọ̀ọ̀dá lọ gbá òpó gólì méjèèjì wò bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ lára èkejì, ó fi ọwọ́ ra ojú igi náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dára. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà ìsinmi, wọ́n ní gólì mẹ́ta, àwa ní méjì. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa borí wa ní ìdajì àkọ́kọ́. Kípà wa wò mí, ojú rẹ̀ kò dán. Mo ń ka iṣan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn, gbogbo wọn ti rọ̀. Mo wo apá kejì: méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀.

"Ẹ má yí nǹkan kan padà," mo wí. "Ẹ kàn máa gbá a bó ṣe wà."

Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Mo di ojú mi bí mo ti máa ń ṣe. Gbà, gbà, gbà. Ó dé àárín, gbà, gbà, gbà, ó ṣì yá, ó ṣì ṣe déédéé. Ẹnìkan wá gbá ẹyọ tó le yẹn, bọ́ọ̀lù lu ògiri, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì gbé orin wọn bó ti mọ́ wọn lára: "Wɔabrɛ, wɔabrɛ." Mo la ojú. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gbá a dànù. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Orin náà já lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń rí i, ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì wá bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró.

A gbá gólì kẹta wọlé. A gbá ẹ̀kẹrin. Ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ni ó máa ń kọjá ìlà àárín, bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀yìn ìsọ̀ kò sí nínú gbọ̀ngàn. Kípà wọn ń pe àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n padà wá, wọ́n ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ni kò gbà. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ọ̀kan nínú wọn gba bọ́ọ̀lù ní igun gbọ̀ngàn, ó fẹ́ sinmi lé e lórí díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ti òpin kejì wá. Mo rí eré yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n: eré ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ́dọ̀ àgbà, tó sì ń lé àwọn ọ̀dọ́ bá. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a wọ àárín òpó tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Márùn-ún sí mẹ́ta.

Nígbà tí fèrè dún, àwọn ọmọ fò mọ́ ara wọn. Bọ̀ọ̀dá kọjá láàárín wọn, ó lọ bá àgbàlagbà tó ni kọ́kọ́rọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Àgbàlagbà náà fi ọwọ́ gbé e dìde. Ó sọ ní Twi, jẹ́jẹ́, pé Sátidé ṣì jẹ́ tiwa. Èmi ti dé ibẹ̀, mo ti di ọrùn ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mú. Ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó wá jẹ́ kó wà níbẹ̀.

"Mélòó?" ó béèrè.

Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ iye àga tó tà.

Kápútìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà, ọmọ dáadáa kan tí òógùn ṣì ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó fi pidgin béèrè lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá ohun tí a ń mu, nítorí pé òun mọ̀ pé a ń mu nǹkan. Bọ̀ọ̀dá rò ó. Ó wò mí, ó wo kípà wa, tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé àdúrà ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé yẹ̀yẹ́ la ń fi òun ṣe. Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó ní kí ó wá sí Anloga ní ọjọ́ Túsìdeè, kí ó mú ẹni méjì mìíràn dání. Òun yóò ti àwọn pákó sẹ́yìn.